OORU TÓ Ń MÚ ÌYÁ LỌ́JÀ KÌ Í ṢE IBÀ, KÌ Í SÌ Í ṢE ÀJẸ́

Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tó ń dúró, àti ohun tí ìwádìí àwọn oníṣègùn sọ nípa rẹ̀

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tí ì lù. Oòrùn kò tí ì mú rárá ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń pe èrò, tí àwọn ọlọ́jà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ ọjà wọn. Síbẹ̀, páálí ni Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Ó ti tú gèlè. Ó ti fa ọrùn bùbá sílẹ̀. Òógùn ń ṣàn láti àárín orí wá sí àyà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnyán fún ogún èèyàn. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ooru náà lọ, òtútù sì dé.

"Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, kí ló dé? Ṣé kò sí o?" Ìyá Aláta tó wà ní ìsọ̀ kejì ló béèrè.

"Ibà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ibà yìí kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì tí mo lo oògùn rẹ̀."

"Pẹ̀lẹ́. Lọ gba abẹ́rẹ́ sí i. Ibà àsìkò yìí le."

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kì í ṣe orúkọ ẹnì kan pàtó, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìyá Aláta. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì nínú ọjà yín, ẹ ó rí wọn. Ẹ lè rí wọn nínú dígí pàápàá. Àwọn méjèèjì dúró fún ọ̀kẹ́ àìmọye ìyá tó ń pa ìyà mọ́ra láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni ọdún 49 ni Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Ó ti bímọ mẹ́rin, àkọ́bí rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ìyá àgbà. Láti bí ọdún kan, nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ṣe ségesège: yóò wá lóṣù yìí, yóò fo oṣù méjì, yóò tún dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ. Lóru, ooru á jí i, á dìde lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orúnkún ń ro ó. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á bí i nínú, á pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́, ẹkún á sì tẹ̀ lé e. Ó ń gbàgbé ṣéńjì oníbàárà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ogún ọdún tó ti ń ta èlùbọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé: "Kí lo máa ń wá kiri láàárín òru?" Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń yọ́ ọ wò. Àwọn ará ilé ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ta ni kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin àgbà tí kì í sùn lóru ní ilẹ̀ yìí?

Bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi kankan. Nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń kógbá wọlé.

KÍ LÓ Ń KÓGBÁ WỌLÉ?

Láti inú ìyá rẹ̀ ni obìnrin ti ń gbé ẹyin wá sáyé. Gbogbo èyí tí yóò lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ló bá wá. Kì í rí tuntun fi kún un. Inú àpò kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ, tí wọ́n ń pè ní ilé ẹyin, ni wọ́n wà. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti bàlágà, ilé ẹyin yìí a máa tú ẹyin jáde lóṣooṣù, a sì máa tú omi ara kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ẹ́sítírójìn. Ẹ́sítírójìn kì í ṣiṣẹ́ oyún nìkan. Òun ló ń jẹ́ kí ojú ara rọ̀. Òun ló ń dáàbò bo eegun. Ó tún ń bá ọpọlọ, ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́.

Bí ọjọ́ orí bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta, ẹyin á máa tán lọ. Ẹ́sítírójìn á wá máa ṣe bí iná mànàmáná wa: á lọ lónìí, á dé lọ́la, á tún lọ, títí yóò fi relẹ̀ pátápátá. Àkókò ségesège yìí lè gba ọdún mélòó kan. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin ń dúró. Bí oṣù méjìlá gbáko bá kọjá láìrí i rárá, tí kì í ṣe oyún, tí kì í ṣe oògùn tàbí àìsàn ló dá a dúró, ìgbà náà la tó lè sọ pé ó ti dúró.

Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró kó tó pé ogójì ọdún gbọ́dọ̀ rí dókítà, nítorí ó yá jù. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ yọ ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì. Tirẹ̀ kì í yọ́ wá, òjijì ló máa ń dé.

ÌWÁDÌÍ IFẸ̀, ÌWÁDÌÍ ÌBÀDÀN

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwọn ìyá wa kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí gan-an, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni Dókítà Friday Okonofua àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Lawal àti Bamgbose, ti ṣe ìwádìí lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1990. Wọ́n rí i pé, bí a bá pín in dọ́gba, ọdún 48 àti díẹ̀ ni nǹkan oṣù àwọn obìnrin náà dúró. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún 51 ni. Nítorí náà, ìyá ọdún 46 tàbí 47 tó ń sọ pé, "Ó yá jù, ayé ló ń ṣe mí," kí ó fọkàn balẹ̀. Ayé kò ṣe é. Àkókò rẹ̀ ló tó.

Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Ní 2009, Funmilola OlaOlorun àti Taiwo Lawoyin tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín ìlú Ìbàdàn. Obìnrin tó lé ní 1,000, láti ẹni 40 ọdún sí ẹni 60, ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Kì í ṣe ooru ló gba ipò kìíní lẹ́nu wọn. Ìrora oríkèé àti iṣan ni. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ń bá a yí. Ara tó ń rẹni láìnídìí ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni ìṣòro láàárín tọkọtaya, kí ó tó wá kan ooru, èyí tó ń ṣe nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò, ẹ̀yin ìyá. Orúnkún ń ro yín, ẹ ní làkúrègbé ni. Ooru mú yín, ẹ ní ibà ni. Ẹ kò rí oorun sùn, wọ́n ní àjẹ́ ni. Àlejò kan ṣoṣo ló wọlé, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n sọ ọ́, owó oògùn mẹ́ta lẹ sì ń san lé e lórí.

NÍBO NI OORU TI Ń WÁ?

Nínú ọpọlọ ẹ̀dá, ibì kan wà tó ń ṣọ́ ooru ara. Ó dà bí ìyá tó jókòó ti iná ààrò, tó mọ ìgbà tó yẹ kó fa igi kúrò, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó ti igi sí i. Oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, Naomi Rance, yẹ ọpọlọ àwọn obìnrin tó ti kú wò. Ní 1990, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ọ́ síwèé pé àwọn nǹkan tín-tìn-tín kan nínú ọpọlọ tóbi sí i lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e láti ìgbà náà fi hàn pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń da olùṣọ́ ooru láàmú.

Ẹ́sítírójìn ló máa ń mú wọn jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí ẹ́sítírójìn bá relẹ̀, wọ́n á máa pariwo "Iná! Iná!" níbi tí kò sí iná. Ara á gbọ́ ariwo yẹn, á ṣí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ sílẹ̀, á da òógùn bolẹ̀ kí ara lè tutù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òtútù á mú olúwarẹ̀. Kò sí kòkòrò ibà nínú rẹ̀. Kò sí ọwọ́ aráyé nínú rẹ̀.

Báwo wá ni ìyá yóò ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ibà? Ooru yìí kì í pẹ́ lára, ó sì lè wá kó tún lọ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ibà ní tirẹ̀ a máa mú orí fífọ́, ẹnu kíkorò àti ara wíwúwo dání, gbígbóná rẹ̀ a sì máa pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fojú lásán dá a mọ̀. Láti 2010 ni WHO ti sọ pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fúnni ní oògùn ibà. Wọ́n á gún ìka yín, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan, èsì á sì jáde níṣojú yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí èsì bá ní kò sí ibà, kí lẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ibà ṣe?

"Ó MÁA LỌ FÚNRA RẸ̀"

Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà wo? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin kan láti àwọn ọdún 1990 nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní SWAN. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde níbẹ̀ ní 2015 fi hàn pé, lára ìdajì àwọn tí ooru yìí ń ṣe lemọ́lemọ́, ó lò ju ọdún 7 lọ. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú láti ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìdajì wọn ló bá a fà á ju ọdún 10 lọ. Nínú gbogbo ẹ̀yà tó wà nínú ìwádìí náà, ara tiwọn ló ti pẹ́ jù.

Ọdún mẹ́wàá! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ooru bẹ̀rẹ̀ á ti máa múra láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kó tó tán. Ṣé ohun tó yẹ kí ìyá máa fi páálí fẹ́ nìkan nìyẹn?

OÒGÙN WÀ, ṢÙGBỌ́N Ẹ GBỌ́ Ọ DÁADÁA

Oògùn tó lágbára jù lọ fún ooru yìí ni kí wọ́n dá ẹ́sítírójìn díẹ̀ padà sí ara. Wọ́n lè fúnni ní hóró rẹ̀ gbé mì, wọ́n sì lè fúnni ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ tàbí tí wọ́n ń fi para. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lo oògùn kejì mọ́ ọn, nítorí ẹ́sítírójìn nìkan lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ.

Kí ló dé tí ẹ̀rù oògùn yìí fi ń ba ọ̀pọ̀ dókítà àti obìnrin? Ní oṣù keje ọdún 2002, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ìwádìí kan dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé. Obìnrin 16,608 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé, nínú obìnrin 10,000 tó lo oògùn méjèèjì pọ̀ fún ọdún kan, àwọn tí jẹjẹrẹ ọmú mú fi 8 ju ti àwọn tí kò lò ó. Àwọn tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ náà fi 8 ju. Ṣùgbọ́n àwọn tí eegun ìbàdí wọn kán fi 5 dín. Ariwo ta káàkiri ayé. Àwọn obìnrin da oògùn nù. Ọ̀pọ̀ dókítà kò kọ ọ́ fúnni mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún ìwé yẹn yẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n rí ohun tí ariwo ti bò mọ́lẹ̀. Ọjọ́ orí àwọn obìnrin inú ìwádìí náà, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọdún 63. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá àkókò ooru tipẹ́tipẹ́. Fún ẹni tí kò tí ì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tí ì dúró ju ọdún 10 lọ, tí ara rẹ̀ sì le, àǹfààní oògùn náà sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn yóò yọ ìkìlọ̀ tó le jù tí wọ́n ti fi sára irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò.

Èyí kò sọ ọ́ di oògùn tí èèyàn ń lọ rà ní kẹ́míìsì bí ẹni ra Panadol o! Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú ti mú rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú òpó rẹ̀ rí, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ ìdí rẹ̀: kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ dán an wò. Dókítà ló ń yẹ èèyàn wò kó tó kọ ọ́. Oògùn mìíràn tún wà tí kò ní ẹ́sítírójìn nínú. Ọ̀kan lára wọn ni fezolinetant tí FDA fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Àwọn tó ń pariwo "Iná!" nínú ọpọlọ ló ń bá wí tààrà. Òun náà ní ewu tirẹ̀: ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò.

Àgbo ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní ewé àti egbò kò wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìgò kan ṣoṣo sínú mọ́tò, tó ní ó ń wo jẹ́díjẹ́dí, ó ń wo ooru inú, ó ń wo ojú, ó tún ń wo àìrọ́mọbí, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú ìgò náà. Bí ẹ bá sì ti ń lo àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Kò ní bínú sí yín. Àgbo mìíràn kì í bá oògùn mìíràn rẹ́.

Ọ̀RỌ̀ ÀÁRÍN TỌKỌTAYA

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ láàárín ọjà, ṣùgbọ́n ó ti tú ilé ká. Ní àwọn ọdún 1970, tọkọtaya kan tó ń ṣèwádìí, John àti Pat Caldwell, bá àwọn Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977, wọ́n ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ obìnrin Yorùbá ló ń fi ẹní ọkọ sílẹ̀ pátápátá bí wọ́n bá ti di ìyá àgbà. Ìtìjú gbáà ni kí ìyá máa gbé oyún kí ọmọ rẹ̀ náà máa gbé e.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lẹ́nu àwọn àgbà: pé bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró bá sún mọ́ ọkọ, nǹkan ọkùnrin kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ikùn rẹ̀ á sì máa wú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan ọkùnrin kì í ṣù jọ sínú obìnrin. Bí ikùn ìyá bá ń wú, ó lè jẹ́ fàíbúrọ́ìdì, ó lè jẹ́ kókó nínú ilé ẹyin, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ọsibítù ló yẹ ẹ́. Kí wọ́n má ṣe dá ọkọ lẹ́bi.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ara máa ń gbẹ nígbà tí ẹ́sítírójìn bá lọ. Ìbálòpọ̀ á máa dun obìnrin, ìtọ̀ lè máa ta á. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọkọ, ọkọ á rò pé ó ti rí ẹlòmíràn. Bàbá, ẹ gbọ́: kì í ṣe pé ìyàwó yín kọ̀ yín. Ó ń dùn ún ni. Jẹ́lì wà tí wọ́n ń lò láti mú ojú ara rọ̀. Ìpara ẹ́sítírójìn díẹ̀díẹ̀ tí dókítà ń kọ fún ojú ara náà wà. Ìṣòro tó ní oògùn ni.

Ẹni tó sì ń rò pé oyún ti kọjá lórí òun nítorí pé nǹkan oṣù fo oṣù mẹ́ta, kí ó ṣọ́ra. Ẹyin kan lè ṣì yọ́ jáde. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni pé kí ẹni tí tirẹ̀ dúró lẹ́yìn ọdún 50 máa ṣe ìfètò sí ọmọ bíbí fún ọdún kan sí i, kí ẹni tí tirẹ̀ dúró kó tó pé 50 sì ṣe é fún ọdún méjì.

Ẹ̀JẸ̀ TÓ PADÀ WÁ

Ẹ ṣì rántí Ìyá Aláta? Ẹni ọdún 57 ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Lóṣù tó kọjá, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sínú, ó ní: "Ṣé ọmọge mi ló fẹ́ padà ni?" Ó fọ aṣọ, ó sá a, kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ọmọ. Òun tó ń gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kó lọ gba abẹ́rẹ́, òun gan-an lọ̀rọ̀ kàn jù.

Ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí lọ. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró fún ọdún kan gbáko, ẹ̀jẹ̀ tó bá tún jáde kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́. Ìbáà jẹ́ ẹ̀kán kan. Ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní 2018, àwọn oníwádìí kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí láti káàkiri ayé jọ. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó rí irú ẹ̀jẹ̀ yìí, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni wọ́n bá jẹjẹrẹ ilé ọmọ lára wọn. Èyí fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní in, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ ara rẹ̀ di òkú láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà: àwọn tí jẹjẹrẹ náà wá wà lára wọn, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló ti rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni agogo tó ń lù. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ náà lè fi irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Bí wọ́n bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá fi aṣọ bò ó fún ọdún kan, ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀.

OHUN TÍ KÒ GBA OWÓ PÚPỌ̀

Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, ẹ̀jẹ̀ ríru a máa wọ́pọ̀ sí i, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ a máa pọ̀, eegun a sì máa fúyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn tiyín. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín. Kí wọ́n yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú.

Eegun fẹ́ iṣẹ́, ó sì fẹ́ oúnjẹ. Ẹni tó ń jókòó nísọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ó máa dìde rìn. Ẹja wẹẹrẹ tí wọ́n ń jẹ teegunteegun, wàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, oúnjẹ gidi ni wọ́n. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù. Lóru, ẹ wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì, kí omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Àwọn kan rí i pé ọtí, ata púpọ̀ tàbí kọfí ló ń pe ooru wọn wá. Ẹ ṣọ́ èyí tó ń pe tiyín.

Ní ti owó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ètò adójútòfò ìlera tirẹ̀. Ẹ béèrè bí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń forúkọ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ilé ìwòsàn àdúgbò lọ, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà àwọn obìnrin. Ọsibítù ńlá Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 wà nínú Ifẹ̀ yìí.

OBÌNRIN TÓ KỌJÁ RẸ̀ KÌ Í ṢE ẸNI ẸYÌN

Ní ayé àwọn baba wa, ọ̀pọ̀ ojúbọ ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù kì í wọ̀. Ìyá tó ti kọjá rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Ipò ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Báwo ló ṣe wá di pé irú ìyá yẹn ni àwa ń yọ́ wò lóru, tí à ń pè lórúkọ burúkú nítorí pé ooru kò jẹ́ kó sùn?

Bí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ bá ka èyí, tàbí tí ọmọ rẹ̀ kà á fún un, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè lọ ra oògùn ibà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ó sì lè yí sí ìsọ̀ kejì, kó sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wá wò." Bóyá lójú ọ̀nà ni Ìyá Aláta yóò ti sọ ti ẹ̀jẹ̀ tó rí. Bóyá ọ̀rọ̀ kan yẹn ni yóò gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ọjà kò ní sá lọ. Èlùbọ́ kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin ìyá tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Kò di dandan kí ẹ fi orúkọ sí i. Ohun tí ẹ bá kọ lè jẹ́ èyí tí ìyá mìíràn ń dúró dè kó tó lè la ẹnu rẹ̀.